Férémù kẹ̀kẹ́ wo ló ń tu ara? Irin, alumíníọ̀mù, kábọ̀nù, titéníọ̀mù àti ọparun

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀, kí ẹ béèrè èyí tó rọ ara lọ́rùn jù. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu wọn kí ẹ tó béèrè tán: irin rọ̀ lára, alumíníọ̀mù fúyẹ́ ṣùgbọ́n ó máa ń gbá èèyàn, kábọ̀nù ló ń gbé gbogbo jìgìjìgì ọ̀nà mì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ lè san owó kábọ̀nù kí ẹ̀yìn tún máa ro ó, nígbà tí ẹni tó ra irin lásán ń gun tirẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

N ò ní ohun tí wọ́n fi ṣe férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́ tí gbogbo nǹkan yòókù so mọ́, kò já mọ́ nǹkan kan o. Ó já mọ́ nǹkan, àmọ́ ibi tó ti ń kan ara yín kọ́ ni àwọn tó ń tà á ń tọ́ka sí.

Ta ló ń gba ìyà ọ̀nà fún yín?

Bí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò, táyà ló kọ́kọ́ gbà á. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fún pọ̀, táyà á tẹ̀ wọlé ní mìlímítà bíi mélòó kan, á sì padà sípò. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan rímù àti sípóòkù, tí wọn kì í fẹ́ tẹ̀. Fọ́ọ̀kì iwájú tẹ̀lé e, àti férémù, àti ọ̀pá tó gbé ìjókòó dúró, àti ìjókòó fúnra rẹ̀, àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí ẹ dì mú. Nínú gbogbo wọn, férémù wà lára àwọn tó gan jù. Ẹ wo bí ó ṣe rí: igun mẹ́ta níwájú, igun mẹ́ta lẹ́yìn. Ohun onígun mẹ́ta kì í fẹ́ tẹ̀ bí ẹrù bá wá láti òkè. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kan òrùlé àti àwọn tó ń ṣe afárá irin fi fẹ́ràn rẹ̀. Férémù lè yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fi gbogbo agbára wa pẹ́dàlì lórí òkè. Láti òkè sí ìsàlẹ̀, níbi tí kòtò ti ń gbá yín, ohun tó ń tẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí táyà ń tẹ̀.

Nítorí náà ni táyà oníafẹ́fẹ́ tí John Boyd Dunlop ṣe ní Belfast ní 1888, tó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀, fi tu àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lára ju férémù èyíkéyìí tó ti jáde láti ìgbà náà. Rọ́bà líle ni wọ́n ń gùn kó tó dé, lórí òpópónà tí wọ́n fi òkúta tẹ́.

Lóde òní, táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 23 máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi PSI 100 (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹni tó sanra díẹ̀. Èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 32 lè gbé ẹni kan náà pẹ̀lú bíi 60. Ìyàtọ̀ àárín 100 sí 60 yìí, ọwọ́ àti ìdí yín á mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dé òpin àdúgbò. Mo lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sí pààrọ̀ férémù, láti alumíníọ̀mù sí irin tàbí láti irin sí titéníọ̀mù, tó máa fún yín ní ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè nípa férémù, kí n tó béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é, ni bí táyà tó lè wọ inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ férémù eré ìje àtijọ́ kò lè gba ju mìlímítà 25 lọ, nítorí bíréèkì àti ẹnu fọ́ọ̀kì há. Èyí tó jẹ́ ti bíréèkì onídíìsì, tó ń fún àwo pẹlẹbẹ láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dípò rímù, máa ń gba 32, òmíràn 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Férémù olówó gọbọi tí kò lè gba táyà tó fẹ̀, ìyà ló máa fi jẹ yín ní ọ̀nà Ìbàdàn.

Irin àti alumíníọ̀mù: ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọ̀pá méjì bá rí bákan náà gẹ́lẹ́, nínípọn àti fífẹ̀, èyí tó jẹ́ irin máa gan tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò fún un jẹ́ bíi 200 fún irin, 110 fún titéníọ̀mù, 70 fún alumíníọ̀mù. Ìwúwo wọn náà tò lọ bẹ́ẹ̀: tí a bá gé wọn sí ègé kékeré tó dọ́gba, tí ti irin bá wọn gíráàmù 7.8, ti titéníọ̀mù á wọn 4.5, ti alumíníọ̀mù 2.7. Ẹ fi ìwúwo pín gígan, ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń já sí, bíi 25. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba! Bó bá sì jẹ́ ti ọ̀pá kan sí ọ̀pá kan ni, alumíníọ̀mù ló rọ̀ jù.

Báwo ló ṣe wá gba orúkọ pé ó ń gbá èèyàn? Ọ̀rọ̀ náà wà nínú bí ọ̀pá ṣe sanra tó. Bí ẹ bá sọ fífẹ̀ ọ̀pá di ìlọ́po méjì, tí ẹ fi nínípọn ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n gígan rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Àwọn tó ń fi alumíníọ̀mù ṣe férémù lo àǹfààní yìí dáadáa, wọ́n sì ní ìdí. Irin ní ìwọ̀n kan tó jẹ́ pé bí títẹ̀ rẹ̀ kò bá kọjá ibẹ̀, ó lè máa tẹ̀ kó máa padà títí láé. Alumíníọ̀mù kò ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Gbogbo títẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ló ń jẹ lára ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é kó má fẹ́ tẹ̀ rárá. Gary Klein bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀pá gbàǹgbà-gbàǹgbà yìí ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1979, ilé iṣẹ́ Cannondale sì gbé tiwọn jáde ní 1983. Wọ́n gan lóòótọ́. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ kún fọ́fọ́ ni àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ìgbà náà sì ń lò. Ibẹ̀ ni orúkọ burúkú ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n nígbà kan náà, àwọn ará Faransé ń fi alumíníọ̀mù ṣe Vitus 979, tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Sean Kelly, ọmọ Ireland tó gba Paris–Roubaix, ìje ojú ọ̀nà olókùúta ní ilẹ̀ Faransé, ní 1984 àti 1986, gùn ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni àwọn tó sanra ń ráhùn nípa rẹ̀? Pé ó rọ̀ jù, pé ó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Alumíníọ̀mù kan náà! Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé alumíníọ̀mù le, ẹ bi í pé èwo nínú méjèèjì ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká yí i sí ọ̀dọ̀ irin. Ọ̀pọ̀ wa ló gbọ́ ìtàn Raleigh, ilé iṣẹ́ Nottingham tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1880 sí 1889, tí àwọn tíṣà, akọ̀wé àti àwọn tó ń ra kòkó ń gùn kiri ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà máa ń ní kò sí kẹ̀kẹ́ tó rọ ara bí i, wọ́n á sì fi ọwọ́ lu férémù rẹ̀ láti fi irin hàn yín. Àmọ́ ẹ wo ohun tó kù lára kẹ̀kẹ́ náà: ìjókòó aláwọ̀ ńlá tó ní sípíríǹgì lábẹ́, táyà sísanra lórí rímù 28, fọ́ọ̀kì tó nà síwájú dáadáa, ọwọ́ tó wá sẹ́yìn tí èèyàn fi ń jókòó ṣánṣán. Ẹ bọ́ sípíríǹgì yẹn kúrò, kí ẹ fi táyà 23 sí i, kí ẹ tún padà wá sọ fún mi nípa irin.

Irin kò sì dọ́gba. Irin lásán tó wà lára kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú nípọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá dé òpin, nítorí náà ó wúwo, ó sì gan. Irin gidi ni èyí tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn ní ìkángun méjèèjì, níbi tí wọ́n ti jó wọn pọ̀, tó sì fẹ́lẹ́ láàárín. Ilé iṣẹ́ Reynolds ní Birmingham ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ọ̀pá yìí ní 1897, wọ́n sì gbé Reynolds 531 jáde ní 1935, tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ìje fi ń búra fún ọdún púpọ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wá sítíkà tó ní Reynolds, Columbus, Cr-Mo (irin tí wọ́n po krómíọ̀mù àti mọlíbídẹ́nọ̀mù mọ́) tàbí 4130 lára ọ̀pá tó lọ sábẹ́ ìjókòó. Irú ọ̀pá fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dín gbígbọ̀n kékeré tó ń kú èèyàn lọ́wọ́ kù díẹ̀, pàápàá bí fọ́ọ̀kì náà bá jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Díẹ̀ ni mo sọ. Ó tó kí ẹni tó ń gùn ún fún wákàtí mẹ́rin mọ̀ ọ́n, kò tó kí ẹni tó ń lọ ọjà mọ̀ ọ́n.

Alumíníọ̀mù òde òní kì í sì í ṣe ti 1983 mọ́. Wọ́n ń fi omi alágbára ti ọ̀pá rẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù kó lè gba ìrísí tí wọ́n fẹ́: ó fẹ̀ níbi pẹ́dàlì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn lábẹ́ ìjókòó. Fọ́ọ̀kì kábọ̀nù ni wọ́n sábà máa ń kàn mọ́ èyí tó dára díẹ̀, ìyẹn sì ń ran ọwọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi táyà 35 sí irú rẹ̀, ó máa tu yín lára ju Reynolds 531 tó wọ táyà 23.

Ibi tí irin ti borí alumíníọ̀mù pátápátá kò jẹ mọ́ ìrọ̀rùn. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ni. Bí férémù irin bá sán, wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ ní àdúgbò yín lè fi gáàsì jó o, bó bá sì wọ́ díẹ̀, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ padà. Ọ̀pọ̀ férémù alumíníọ̀mù ló jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní 6061-T6. Wọ́n ti fi iná sè é lẹ́yìn tí wọ́n jó o tán kó tó le. Bí wẹ́dà bá tún tan iná sí i lójú títì, ibi tí iná kàn á padà rọ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa sán lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ lórí eré. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà bó bá wọ́. Ẹ jù ú nù.

Ní ti ìpẹtà, irin ló ń jìyà. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí òkun tàbí ọ̀sà l'Ékòó mọ̀ bí afẹ́fẹ́ iyọ̀ ṣe ń jẹ irin. Àwọn ará wa ní Ìlú Ọba náà mọ iyọ̀ tí ìjọba ń dà sójú títì nígbà òtútù. Inú ọ̀pá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì ní rí i. Ẹ yọ ọ̀pá ìjókòó, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé kí omi jáde, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ọ̀pá kí ẹ sì yí i kó kàn án yíká. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bíi ti irin, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìjókòó irin tó wà nínú rẹ̀ láìsí gíríìsì lè gan pa síbẹ̀, kó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ mọ́.

Kábọ̀nù

Fọ́nrán dúdú tín-ín-rín ni kábọ̀nù, tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele nínú mọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù ẹ́pọ́sì àti ooru dì mọ́ra. Bí ahunṣọ ṣe ń pinnu ibi tí òwú kọ̀ọ̀kan máa gbà kí iṣẹ́ ara aṣọ tó jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe férémù kábọ̀nù ń pinnu ibi tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan máa dojú kọ. Ó lè mú kí ibi pẹ́dàlì gan gbagidi, kí ẹ̀yìn lábẹ́ ìjókòó sì máa tẹ̀ díẹ̀, nínú férémù kan ṣoṣo. Irin kò lè ṣe ìyẹn tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà, ti gun kábọ̀nù gba Tour de France ní 1986, ojú ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ìje ń tọ̀ nìyẹn.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ó lè tẹ̀, bí ẹni tó ṣe é bá fẹ́ kó tẹ̀. Kábọ̀nù tí wọ́n ṣe fún eré àsápajúdé, tí ọ̀pá rẹ̀ pẹlẹbẹ láti la afẹ́fẹ́ kọjá, lè gan ju ọ̀pọ̀ alumíníọ̀mù lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Trek fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wọn tó ń jẹ́ Domane tu ara ní 2012, wọn ò gbára lé kábọ̀nù nìkan. Oríkèé ni wọ́n fi síbi tí ọ̀pá férémù tó lọ sábẹ́ ìjókòó ti pàdé ọ̀pá òkè, kí ọ̀pá yẹn lè máa mì lọ mì bọ̀ fúnra rẹ̀. Ní Paris–Roubaix, níbi tí òkúta ojú ọ̀nà ti lé ní kìlómítà 50, Mathieu van der Poel, ọmọ Netherlands, gba ìje 2023 àti 2024 lórí férémù àsápajúdé Canyon Aeroad, kì í ṣe lórí èyí tí wọ́n ṣe fún ìrọ̀rùn. Táyà tó fẹ̀ tó mìlímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló fi borí òkúta.

Kábọ̀nù kì í dípẹtà, kì í sì í tètè rẹ̀ bí títẹ̀ bá wà níbi tí wọ́n retí rẹ̀. Òkúta tó bá fò lù ú láti ẹ̀gbẹ́, tàbí nọ́ọ̀tì tí wọ́n dì jù, ló ń pa á. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n dídì sára rẹ̀, 5 Nm lọ́pọ̀ ìgbà. Mẹkáníìkì tó ń fi sípánà àti agbára apá di í kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù tòkunbọ̀ kábọ̀nù máa ń bà mí ní tòótọ́. Ẹ fi owó ẹyọ lù ú díẹ̀díẹ̀ káàkiri. Ibi tí dídún rẹ̀ bá ti kú lójijì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Titéníọ̀mù àti ọparun

Titéníọ̀mù kì í dípẹtà, kì í fẹ́ ọ̀dà, ó pẹ́ bí irin, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé ọ́ìlì kiri nínú ọkọ̀ òfurufú ni èyí tí wọ́n ń lò jù ti kọ́kọ́ jẹ́. Bó bá gbóná, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ́ra, á sì di ẹlẹgẹ́, nítorí náà inú gáàsì ágọ́ọ̀nù ni wọ́n ti ń jó o, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Ohun tó sọ ọ́ di olówó gọbọi nìyẹn. Ó rọ ara bíi irin dídára. Bí owó yín bá ti kọjá ọ̀rọ̀ táyà, ìjókòó àti fọ́ọ̀kì, kí ló kù? Ẹ rà á.

Ọparun kì í ṣe àwàdà. Wọ́n ti fi ṣe kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1894, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní ní Kumasi ní Gánà: wọ́n á gbẹ ọparun dáadáa, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ kí kòkòrò má jẹ ẹ́, wọ́n á wá fi fọ́nrán àti ẹ́pọ́sì wé oríkèé rẹ̀. Ní ti pípa gbígbọ̀n kékeré, òun ni mo máa fún ní ipò kìíní láàárín gbogbo wọn. Ìwúwo rẹ̀ kò jìnnà sí ti irin, oríkèé rẹ̀ sì dára tó ọwọ́ ẹni tó wé e.

| Ohun èlò | Ìwúwo férémù nìkan (kílò) | Wẹ́dà àdúgbò ńkọ́? | Ohun tó ń bà á jẹ́ |
|---|---|---|---|
| Irin lásán | 2.5–3.5 | bẹ́ẹ̀ ni | ìpẹtà |
| Irin Cr-Mo | 1.8–2.3 | bẹ́ẹ̀ ni, tó bá mọ ọ̀pá fẹ́lẹ́ jó | ìpẹtà |
| Alumíníọ̀mù | 1.2–1.8 | rárá | títẹ̀ léraléra, ìwọ́ |
| Kábọ̀nù | 0.8–1.3 | rárá | gbígbá, nọ́ọ̀tì tí wọ́n dì jù |
| Titéníọ̀mù | 1.3–1.7 | rárá | owó yín |
| Ọparun | 2–3 | kò kàn án | omi, kòkòrò |

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, láàárín kòtò àti bọ́ǹpù, irin Cr-Mo tó gba táyà 40 ni kó wá. Bí kò bá rí i, alumíníọ̀mù tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà orí òkè, tí sípíríǹgì fọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣì dára, tàbí tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ gan pátápátá, dára ju irin wíwúwo lọ. Fọ́ọ̀kì tí sípíríǹgì rẹ̀ ti kú ló burú jù: ó ní ìwúwo, kò ní ìrọ̀rùn.

Ẹni tó wà ní London tàbí Manchester, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú ètò Cycle to Work, tí ibi iṣẹ́ fi ń bá òṣìṣẹ́ gba kẹ̀kẹ́ tí wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù, kò nílò láti sáré lọ síbi kábọ̀nù. Alumíníọ̀mù oníbíréèkì díìsì, fọ́ọ̀kì kábọ̀nù, táyà 32 sí 35, àyè fún máàdìgáàdì: ìyẹn ni mo máa mú fún òjò àti iyọ̀ ìgbà òtútù. Kábọ̀nù tọ́ sí ẹni tó ń gun ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ́jọ́ Sátidé, tó ń ka ìwúwo sí, tó sì ní ibi tó lè tì í mọ́.

Fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ìrọ̀rùn, ẹ wo ihò tí ọ̀pá ìjókòó ń wọ̀. Ọ̀pá ìjókòó tó fẹ̀ ní mìlímítà 27.2 máa ń tẹ̀ ju ti 31.6 lọ, bó bá sì ṣe yọ síta gùn tó ni ó ń tẹ̀ sí. Férémù tí ọ̀pá òkè rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn ń fún ọ̀pá ìjókòó láyè láti yọ síta, bó ti wù kí férémù náà jẹ́ irin tàbí alumíníọ̀mù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ti ìka kan bọ àárín táyà àti férémù, lẹ́yìn nítòsí pẹ́dàlì, àti lábẹ́ orí fọ́ọ̀kì. Bí ìka kò bá wọlé, táyà tó wà lára rẹ̀ ni èyí tó fẹ̀ jù tí ẹ máa gùn lórí rẹ̀. Bó bá wọlé dáadáa, ẹ ra táyà tó tún fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù ní PSI 5 nígbà kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí ibi tí rímù kò gbá ilẹ̀ tí ọwọ́ yín kò sì kú mọ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sára ògiri níbi tí pọ́ǹpù wà.